Sí Mẹ́ẹ̀rì Parakou, Nípa Àwọn Ọmọ Albarika Tó Ń Wa Bàálù Lórí Kọ̀ǹpútà

Sí Mẹ́ẹ̀rì ìlú Parakou àti ẹ̀yin ọmọ ìgbìmọ̀ ìlú,

  

Ọ̀rọ̀ tó gbé lẹ́tà yìí dìde kì í ṣe ti ọjà Arzèkè, kì í sì í ṣe ti gọ́tà tàbí ti títì. Ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́ kan ní Albarika ni, tí wọ́n máa ń pé lé kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo lórí lẹ́yìn ìrun alẹ́, tí wọ́n ń gbìyànjú láti mú bàálù ogun balẹ̀ sórí ọkọ̀ ojú omi. Inú àwọn òbí kò dùn sí i. Wọ́n ní géèmù ti gba àwọn ọmọ lọ́wọ́ ìwé, wọ́n ní owó iná ń lọ lásán, àwọn àgbà àdúgbò kan sì ń sọ pé ó yẹ kí ìlú ti irú ibi bẹ́ẹ̀ pa. Lẹ́tà yìí ń bẹ̀ yín pé kí ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ó tún ń bẹ̀ yín pé kí ẹ fún wọn ní yàrá.

Parakou kò sí létí òkun. Ojú irin tó ti Cotonou wá, tó wọ ìlú yìí ní 1936, gùn ní 438 kìlómítà, ọmọ tó sì dàgbà sí Albarika lè pé ogún ọdún láìfojú kan omi iyọ̀. Síbẹ̀, àwọn ọmọ tí kò rí òkun rí ló ń bára wọn jiyàn lórí bí atẹ́gùn ṣe ń fẹ́ lórí ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà, wọ́n sì mọ ohun tí wọ́n ń sọ.

Ohun tí wọ́n ń lò kì í ṣe géèmù ìyìnbọn tí ọmọdé ń fi àtàǹpàkò méjì ṣe lórí fóònù. Símúlétọ̀ ni, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n kọ kí bàálù inú rẹ̀ lè máa hùwà bíi ti gidi: epo rẹ̀ ń jó, ara rẹ̀ ń fúyẹ́ bí epo ṣe ń tán, atẹ́gùn ń tì í síbi tí awakọ̀ kò fẹ́. DCS World, tí ilé iṣẹ́ Eagle Dynamics ń ṣe, ni orúkọ rẹ̀ kàn jù láàárín àwọn tó fẹ́ràn bàálù ogun. Ní 2018 ni wọ́n mú bàálù ogun F/A-18C Hornet wọ inú rẹ̀, ní 2020 ni wọ́n sì fi ọkọ̀ ńlá tí wọ́n pè ní Supercarrier kún un. Owó lèèyàn fi ń ra àwọn méjèèjì. Ẹni tí kò lówó ní FlightGear, tí àwọn olùfẹ́ bàálù káàkiri ayé jọ ń kọ láti àwọn ọdún 1990 wá, tó sì jẹ́ ọ̀fẹ́ pátápátá. Nimitz, ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà tó ń gbé bàálù, wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú okùn irin àti iná ìbalẹ̀ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí àwọn ọmọ yìí ń bá jà.

Ojú ọ̀nà tí bàálù èrò ńlá ń balẹ̀ sí sábà máa ń gùn ju kìlómítà méjì lọ. Gbogbo gígùn Nimitz láti iwájú dé ẹ̀yìn jẹ́ nǹkan bíi 333 mítà, apá tí bàálù ń balẹ̀ sí kò sì tó ìyẹn. Hornet ń bọ̀ pẹ̀lú eré tó tó nǹkan bíi 250 kìlómítà láàárín wákàtí kan. Okùn irin mẹ́rin ni wọ́n na dábùú ọkọ̀ náà. Ìkọ́ kan wà ní ìdí bàálù tí awakọ̀ ń sọ̀ kalẹ̀, ìkọ́ yẹn ló gbọ́dọ̀ mú okùn kan, ìkẹta ni wọ́n sì fẹ́ jù. Tó bá ti mú un, bàálù á dúró láàárín nǹkan bíi 100 mítà, bí ewúrẹ́ tó sáré dé òpin okùn ọrùn rẹ̀. Tí kò bá mú un, ibẹ̀ gan-an ni bàálù ti gbọ́dọ̀ tún gbéra. Ìdí nìyẹn tí awakọ̀ fi ń ti agbára ẹ́ńjìnnì dé òpin gbàrà tí táyà bá kan irin. Ọmọ tó ti mọ bí wọ́n ṣe ń balẹ̀ sí pápá Cotonou lórí kọ̀ǹpútà yóò ṣe òdìkejì rẹ̀: yóò gbé imú bàálù sókè díẹ̀, yóò sì dín agbára kù kí ó lè rọra gúnlẹ̀. Ìrọra yìí ló ń gbé e fò gba orí okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọjá, nígbà tí agbára ẹ́ńjìnnì kò sì tó mọ́, inú òkun ló ń já sí.

Bẹ́ẹ̀ ni ojú ọ̀nà náà kò dúró sójú kan. Wọ́n yà á sí òsì ní nǹkan bíi dígírì mẹ́sàn-án sí ara ọkọ̀, kí bàálù tí kò bá mú okùn má baà forí sọ àwọn tó dúró níwájú. Dennis Cambell, ọ̀gá kan nínú ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wà lára àwọn tó mú àbá yẹn wá ní 1951. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ń lọ síwájú, ojú ọ̀nà sì yà, nítorí náà lójú awakọ̀ ó ń sún sí ọ̀tún láìdúró. Ẹni tó bá to bàálù rẹ̀ sójú ìlà lẹ́ẹ̀kan, tó sì gbàgbé, yóò bá ara rẹ̀ lápá òsì kó tó débẹ̀.

Iná ló ń tọ́ awakọ̀ sọ́nà. Nicholas Goodhart, ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bákan náà, ló ronú rẹ̀ kàn ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950. Wọ́n máa ń sọ ọ́ nínú ìtàn rẹ̀ pé jígí ọwọ́ àti líípísìtíìkì akọ̀wé rẹ̀ ló fi ṣàlàyé rẹ̀ lórí tábìlì. Lónìí, awakọ̀ ń rí iná aláwọ̀ ọsàn kan láàárín iná àwọ̀ ewé tó tò ní ìbú. Tí ti ọsàn bá ga ju ti ewé lọ, bàálù ti ga jù. Tó bá wà nísàlẹ̀, bàálù ti rẹlẹ̀ jù. Tó bá pupa, ikú ti sún mọ́ etí ọkọ̀.

Kò sí ọmọ tó ń ṣe é yọrí ní ìgbà àkọ́kọ́, símúlétọ̀ kì í sì í bo àṣìṣe mọ́lẹ̀. Nínú Supercarrier, òṣìṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní LSO dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ó ń wo bàálù tó ń bọ̀, ó sì ń fún awakọ̀ ní máàkì. Lẹ́tà díẹ̀díẹ̀ ló fi ń kọ ọ́. H ni ti ẹni tó ga jù, LO ni ti ẹni tó rẹlẹ̀ jù, F ni ti eré àsápajúdé, SLO ni ti ẹni tó ń falẹ̀, LUL ni ti ẹni tó bọ́ sí òsì ìlà. Ó tún ń kọ ibi tí àṣìṣe ti wáyé: X níbẹ̀rẹ̀, IM láàárín, IC nígbà tó kù fẹ́ẹ́fẹ́, AR ní etí ọkọ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Albarika, tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mẹkáníìkì tó ń tún ọ̀kadà ṣe, ń da máàkì wọ̀nyí kọ sínú ìwé. Nígbà tí ojú ìwé kún, ó rí i pé LO àti IC ló ń tẹ̀ léra wọn léraléra. Ìyẹn ni pé dáadáa ló ń bọ̀ láti òkèèrè, ìgbà tó bá kù díẹ̀ kó dé ló ń jábọ́. Ó bi ara rẹ̀ pé kí ló ń yí padà níbẹ̀. Ojú rẹ̀ ni. Bí ọkọ̀ ṣe ń tóbi lójú rẹ̀ báyìí, ó ń fi iná sílẹ̀, ó ń wo irin ọkọ̀. Bí ó bá sì rí i pé òun rẹlẹ̀, ọ̀pá ìdarí ló ń fà láti gbé imú bàálù sókè. Bàálù tó ń bọ̀ báyìí kò gbọ́ irú èdè yẹn. Tí imú bá lọ sókè láìsí agbára kún un, eré rẹ̀ á kù, á sì túbọ̀ máa rì. Nínú Hornet, igun tí ìyẹ́ fi ń gé atẹ́gùn gbọ́dọ̀ dúró sí nǹkan bíi dígírì 8.1, ìmọ́lẹ̀ roboto kékeré kan sì wà níwájú awakọ̀ tó ń sọ fún un pé ó wà níbẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ni wọ́n fi ń gòkè, ẹ́ńjìnnì náà ni wọ́n fi ń sọ̀ kalẹ̀. Ọmọ yẹn kọ ọ́ sára ògiri pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì: wo iná, wo ìlà, wo igun. Lẹ́yìn náà ni IC bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù nínú ìwé rẹ̀.

Ìṣòro mìíràn kò sí lọ́wọ́ awakọ̀ rárá. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, bàálù ń fi imú gbọ̀n, ó sì ń fà sí ẹ̀gbẹ́ kan láìka ẹni tó jókòó sídìí rẹ̀ sí. Ẹnì kan ní atẹ́gùn ni. Wọ́n pa atẹ́gùn inú ètò náà, kò yí padà. Ẹlòmíràn ní ọ̀pá ìdarí ti gbó. Òótọ́ ni pé èyí tí wọ́n ń lò jẹ́ àlòkù, inú rẹ̀ sì máa ń dọ̀tí tí àṣẹ tó ń fi ránṣẹ́ kò fi ní dúró sójú kan. Wọ́n tú u, wọ́n nù ún, kò tán. Ìgbà tí wọ́n yọ wáyà ohun èlò kejì, ìyẹn èyí tí wọ́n fi ń darí géèmù bọ́ọ̀lù, ni imú bàálù dúró jẹ́ẹ́. Kọ̀ǹpútà ti fi àṣẹ kan náà sọ́wọ́ ohun èlò méjì, àwọn méjèèjì sì ń darí bàálù pọ̀. Wọ́n wọ inú ètò ìdarí, wọ́n pa ti ìkejì rẹ́, iṣẹ́ parí. Ẹ kíyè sí ọ̀nà tí wọ́n gbà: ohun kan ni wọ́n ń yí padà lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á dán an wò, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n tó fọwọ́ kan òmíràn. Ọ̀nà yìí ni mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ ń gbà, òun náà ni oníṣègùn ń gbà.

Àléébù pọ̀ ju ìyẹn lọ. Bàálù tó bá ṣì gbé epo àti bọ́ǹbù ju bó ṣe yẹ kò gbọ́dọ̀ balẹ̀. Hornet kò gbọ́dọ̀ ju nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 15 lọ, nítorí náà awakọ̀ ní láti da epo nù kó tó wá. Ìgbà mìíràn, ìkọ́ ni wọ́n gbàgbé láti sọ̀ kalẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìmọ́lẹ̀ igun ti ń ṣẹ́jú láti kìlọ̀ fún wọn. Ìgbà mìíràn sì rèé, ẹni tó to ètò náà kò fún ọkọ̀ ní eré kankan, ó dúró lójú kan láàárín òkun, atẹ́gùn ń fẹ́ látẹ̀yìn. Ọkọ̀ gidi máa ń dojú kọ atẹ́gùn, ó sì máa ń sáré títí atẹ́gùn orí rẹ̀ á fi tó nǹkan bíi 45 kìlómítà ní wákàtí kan, kí eré bàálù lè dà bí ẹni pé ó kéré. Kọ̀ǹpútà tí kò lágbára náà ń dá kún un: bí ọkọ̀ ńlá náà àti gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ bá wọ ojú, àwòrán á bẹ̀rẹ̀ sí í já jálajàla, àṣẹ awakọ̀ á máa pẹ́ kó tó dé. Òjìji inú àwòrán ni wọ́n kọ́kọ́ ń dín kù.

Àwọn tó ń pè é ní eré lásán lè má tíì gbọ́ ìtàn Edwin Link. Bàbá rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe dùùrù ńlá ní Binghamton, ní ìpínlẹ̀ New York. Ọmọ náà fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa bàálù, owó ẹ̀kọ́ sì ga. Ó mú ẹwìrì àti fálàfù tí wọ́n fi ń ṣe dùùrù, ó fi ṣe bàálù kékeré kan tí kò kúrò lójú kan, tó lè tẹ̀ síwájú, sẹ́yìn, sọ́tùn-ún, sósì. Ní 1929 ló parí rẹ̀. Ibi ìgbafẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń rà á lọ, kí èèyàn lè san owó díẹ̀ kó fi ṣeré. Ní 1934, ìjọba Amẹ́ríkà ní kí àwọn ọmọ ogun òfurufú máa gbé lẹ́tà, ọ̀pọ̀ awakọ̀ sì kú nínú òkùnkùn àti kùrukùru nítorí wọn kò mọ bí wọ́n ṣe ń fi ojú aago wa bàálù. Ọdún yẹn náà ni àwọn ọmọ ogun ra mẹ́fà lọ́wọ́ Link. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, inú ẹ̀rọ yẹn ni ọ̀pọ̀ awakọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè tó jọ jagun ti kọ́ iṣẹ́.

Ẹ̀kọ́ ìbalẹ̀ sórí ọkọ̀ ojú omi ti gba ẹ̀mí. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kìíní 1911, Eugene Ely balẹ̀ sórí ọkọ̀ Pennsylvania ní San Francisco, àpò iyanrìn tí wọ́n so mọ́ okùn ló dá a dúró. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹjọ 1917, Edwin Dunning balẹ̀ sórí ọkọ̀ HMS Furious tó ń lọ lórí omi, òun lẹni àkọ́kọ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ karùn-ún lẹ́yìn rẹ̀, ó tún dán an wò, bàálù rẹ̀ yí sínú omi, ó sì kú. Furious yẹn kan náà ló wá sí etí òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní oṣù Kọkànlá 1940, ó gbé bàálù Hurricane tó lé ní 30, wọ́n sì gbéra lórí rẹ̀ lọ sí Takoradi ní Gold Coast. Láti ibẹ̀ ni àwọn bàálù ogun ti ń gba Lagos, Kano àti Maiduguri kọjá lọ sí Khartoum títí dé Íjíbítì. Hurricane wọ̀nyẹn kò ní ìkọ́. Awakọ̀ tó bá ti gbéra lórí Furious kò ní ibi ìpadà. Àfi kó dé Takoradi.

Ní báyìí, símúlétọ̀ ti gba apá púpọ̀ nínú ẹ̀kọ́ ìbalẹ̀ yẹn. Láti 2025, ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà kò sọ ọ́ di dandan mọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ jẹ́ẹ̀tì ogun láti balẹ̀ sórí ọkọ̀ ojú omi gidi kó tó gba àmì ìyẹ́ awakọ̀ rẹ̀. Nítòsí wa, Nàìjíríà gba bàálù Super Tucano 12 ní 2021, wọ́n sì kó wọn sí Kainji, tí kò jìnnà sí ààlà Borgou. Wọ́n kọ́ ilé fún símúlétọ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú.

Kò sí orílẹ̀-èdè kan ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó ní ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé bàálù bíi Hornet, Benin kò sì nílò ọ̀kan. Kì í ṣe pé kí ọmọ Albarika di awakọ̀ Hornet ni lẹ́tà yìí ń fẹ́. Ṣùgbọ́n Benin wà nínú ASECNA, àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Saint-Louis ní 1959 láti máa bójú tó òfurufú ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà, àjọ yẹn sì ní ilé ẹ̀kọ́ EAMAC ní Niamey láti 1963, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tó ń darí bàálù láti ilẹ̀, àwọn tó ń tún ẹ̀rọ pápá ṣe àti àwọn tó ń wo ojú ọjọ́. Nàìjíríà ní tirẹ̀ ní Zaria láti 1964. Ọmọ tó ti mọ ohun tí atẹ́gùn ń ṣe fún bàálù, tó lè ka aago mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà, tó sì ń kọ àṣìṣe rẹ̀ sílẹ̀ láìsí olùkọ́ tó ní kó ṣe bẹ́ẹ̀, ó ti ń rìn lọ sí ọ̀nà irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀. Ìlú Parakou ló kù tí yóò fi ọ̀nà náà hàn án.

Ohun kan wà nínú ẹ̀hónú àwọn òbí tó tọ́, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fojú di í. Ogun kì í ṣe eré ní àríwá orílẹ̀-èdè wa. Ìkọlù oṣù Kìíní 2025 ní Alibori pa ọ̀pọ̀ sójà wa, àwọn ìdílé kan sì ń ṣọ̀fọ̀ títí di òní. Ìyá tó bá gbọ́ ìró bọ́ǹbù láti yàrá ọmọ rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti gbaná jẹ. Kò sì pọn dandan kí ọmọ ju bọ́ǹbù kan ṣoṣo kó tó lè kọ́ ìbalẹ̀. Gbígbéra, wíwá ọ̀nà, bíbalẹ̀ àti wíwá àléébù lè jẹ́ gbogbo ẹ̀kọ́ náà. Kí wọ́n pa ohun ìjà inú ètò náà, kí ó sì jẹ́ òfin yàrá. Ẹ̀hónú ìwé kíkà náà tọ́: kí yàrá náà máa ṣí lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ nìkan, kí wọ́n tì í pa ní àkókò ìdánwò BEPC àti BAC.

Ohun tí a ń tọrọ kò pọ̀. Yàrá kan nínú ilé tó jẹ́ ti ìlú, tó bá ṣeé ṣe kó wà ní Albarika tàbí nítòsí. Kọ̀ǹpútà mélòó kan tó lágbára díẹ̀, àlòkù lè ṣe é, pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń dá iná dúró déédéé àti bátìrì, nítorí iná tó ń lọ tó ń bọ̀ ti ba kọ̀ǹpútà àwọn ọmọ yìí jẹ́ rí. Ọ̀pá ìdarí tuntun fún kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan. FlightGear ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, kò ní ná ìlú ní sẹ́fà kan. Kí wọ́n ya ọjọ́ sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọbìnrin, torí lọ́wọ́lọ́wọ́ àwọn ọkùnrin ló gba ìjókòó, àwọn arábìnrin wọn sì ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kí ẹ kọ̀wé sí Yunifásítì Parakou pé kí wọ́n yan olùkọ́ físíìsì kan tí yóò máa yọjú, kí ẹ sì bẹ àwọn òṣìṣẹ́ pápá ọkọ̀ òfurufú ìlú wa kí wọ́n wá bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ wọn. Àlàyé tí wọn yóò lẹ̀ mọ́ ògiri, kí ó wà ní Faransé, Yorùbá, Dendi àti Baatonum.

Kí ìgbìmọ̀ ìlú tó jókòó lórí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rán ẹnì kan wá sí Albarika, kó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà náà fúnra rẹ̀, kó gbìyànjú láti mú Hornet balẹ̀, kó sì ní kí ọmọ tó ní ìwé máàkì yẹn ṣàlàyé fún un ìdí tí kò fi mú okùn. Lẹ́yìn ìyẹn kí ẹ wá pinnu bóyá ẹ ó ti ilẹ̀kùn ni tàbí ẹ ó ṣí yàrá.



Láti Albarika, Parakou.